Odó Màmá Mi àti Ògiri Àjọni

Òórùn iṣu tó ń hó lórí gáàsì ló máa ń jí mi láràárọ̀ Sátidé. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ báyìí, inú mi á bàjẹ́, torí mo mọ̀ pé odó ló kàn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tóóró kan là ń gbé l'Ábùjá, ọ̀kan nínú mẹ́jọ tí wọ́n kọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn bí ìwé inú báàgì ọmọ iléèwé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti Ìyá Fúnmi, nọ́ọ̀sì ará Ìjẹ̀bú tó máa ń ṣiṣẹ́ òru. Bí wọ́n bá húkọ́ lọ́hùn-ún, a ó gbọ́. Màmá mi, ọmọ Kàbbà pọ́ńbélé, ò gbà kí Sátidé kọjá láìjẹ iyán. Bàbá mi ní kí a ra ẹ̀rọ ìgúnyán. Màmá mi ní, "Èyí tí ẹ̀rọ bá gún, kí ẹ̀rọ jẹ ẹ́."

Lọ́jọ́ kan, àwòrán ìgbéyàwó Ìyá Fúnmi já bọ́ lára ògiri lọ́dọ̀ wọn bí a ṣe ń gúnyán. Wọ́n fi ojú oorun wá sẹ́nu ọ̀nà wa. "Ìyá Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni. Àfi bíi pé orí mi lẹ ń gún." Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, Fúnmi ọmọ wọn ti sọ fún gbogbo kíláàsì wa pé ilé gbì-gbì nilé wa. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọmọ odó pa mọ́ sẹ́yìn tánkì omi. Màmá mi wá a títí, wọn ò rí i. Wọn ò pariwo. Wọ́n da iṣu gbígbóná sínú odó, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n dúró. Èmi náà mọ̀ pé bí iṣu yẹn bá tutù, kókó ni yóò kún inú iyán wa. "Mò ń dúró dè ẹ́," ni wọ́n wí, wọn ò tilẹ̀ wojú mi. Ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ gbé e wá.

Ọwọ́ mi náà ni wọ́n dá a padà sí. "Bójú bá ń tì ẹ́, tètè gún un, kí ariwo tètè tán."

Lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá mi mú mi lọ bẹ Ìyá Fúnmi, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ìgbà tí oorun iṣẹ́ òru máa ń dá lójú wọn. Aago kan ọ̀sán ni. Láti ọjọ́ náà, aago kan la ń gúnyán. A ó tẹ́ àpò ìrẹsì sábẹ́ odó, a ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí Ìyá Fúnmi bá ti kan tiwọn padà, ó yá.

Orozo, lẹ́bàá Àbùjá, ni mò ń gbé báyìí, nínú irú ilé kan náà. Ọmọ mi obìnrin ti ń fajú ro ní gbogbo Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kan ògiri, àwọn ará ilé kejì kàn án padà, mo nawọ́ sí ọmọ odó, kò sí níbẹ̀. Mo wojú ọmọ mi, mo rí ara mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo da iṣu sínú odó, mo káwọ́ gbera, mo dúró.