Ìbàdí Wúràọlá Amọ̀kòkò

Bí ẹ bá dé abà àwọn amọ̀kòkò ní Ìsàn-Èkìtì, tí ẹ sì ń kánjú, ẹ má béèrè lọ́wọ́ Wúràọlá Ajíbádé bí ara ṣe rí. Yóò yọ àwòrán eegun rẹ̀ nínú ọ̀rá, yóò nà án sí oòrùn, yóò sì fi ìka tó kún fún amọ̀ tọ́ka sí ibi tí eegun ti jẹ lápá òsì. Gbogbo ẹni tó wá ra àmù lóṣù yìí ló ti rí ìbàdí rẹ̀.

Wúràọlá ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Àmù ńlá ló ń mọ. Irú àmù bẹ́ẹ̀ kì í yí. Ẹni tó ń mọ ọ́n ló ń yí i po. Á tẹ̀ ba, á máa fi ẹ̀yìn rìn, ọwọ́ á wà lára amọ̀ títí ẹnu àmù á fi jáde. Apá kan náà ló ń yí sí láti ìgbà ọmọge.

Nígbà tó yá, ìbàdí òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bó bá yípo díẹ̀, á lọ jókòó. Sàdíátù, tí wọ́n jọ wà nínú abà náà, ṣàkíyèsí pé ìrora yìí kì í yọjú bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà Ọ̀yẹ́. Ló bá sọ ọ́ ní Ìyá Ìsinmi. Wúràọlá bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ ni wọ́n ń sun ìkòkò lábà yẹn, Sàdíátù sì ti ń sọ pé kí ẹni tí ìkòkò tó mọ kò bá pọ̀ tó lọ dáná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí Wúràọlá sùn.

Ó lọ rí dókítà. Ó ní mẹ́fà ni wọ́n. Níyì ọmọ rẹ̀, tó máa ń bá a lọ, ní mẹ́ta péré ni. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ṣe: wọ́n ní kó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kó sì padà. Wúràọlá ti wọ léèsì, kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọdé wọ̀nyẹn máa wo òun bí arúgbó, ló bá nàró, ó rìn gbọọrọ bí ìyàwó tuntun. Ọ̀kan ní ọjọ́ orí ni. Ọ̀kan ní kó dín iyán kù. Gbogbo wọn ló kọ Panadọ́ọ̀lù fún un.

Nígbà tí mo wá kọ ìròyìn nípa rẹ̀, mo bi í bóyá ó sọ fún wọn pé yíyípo ló ń fa ìrora.

“Wọn ò bi mí. Wọ́n ní kí n rìn, mo rìn.”

Lóṣù tó kọjá, níbi tó ti ń dúró de dókítà mìíràn, obìnrin kan bi í léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó dìde, ó gbé garawa ìdọ̀tí sáàárín, ó tẹ̀ ba, ó sì ń fi ẹ̀yìn yí i po. Kó tó yípo ẹ̀ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ òsì yẹ̀, òun àti garawa jọ ṣubú. Ọ̀dọ́ dókítà kan, Emmanuel, ń kọjá lọ. Ó bi í pé kí ló ń ṣe.

“Uṣẹ́ mi ni,” ni Wúràọlá wí.

Dókítà ní kó tún un ṣe, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán eegun rẹ̀. Wúràọlá ní ńṣe ni ọkùnrin náà kúnlẹ̀ bẹ òun lórúkọ gbogbo dókítà. Mo pe Dókítà Emmanuel. Ó ní ìdọ̀tí tó dà sílẹ̀ lòun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà.

Wúràọlá kò yà sílé lọ́jọ́ náà; abà ló gbé àwòrán gbà lọ. Sàdíátù dorí àwòrán náà kodò, ó wò ó títí.

“Ìwọ lo ni eegun yìí?”

“Èmi ni.”

Sàdíátù dá àwòrán náà padà fún un. “Ọ̀la la ó sun ìkòkò. Gbé tìrẹ wá, bó ti wù kó kéré mọ.”

Dókítà ti ní kó máa yí sí apá kejì. Ojú mi ló ṣe dán an wò. Kò pẹ́ tó fi di ẹnu àmù mú, tó dijú, tó ní òòyì ń kọ́ òun.

Sàdíátù kò gbójú kúrò lára amọ̀ tirẹ̀. “Akọ̀ròyìn, kọ ìyẹn sílẹ̀ kó tó lọ rìn gbọọrọ níwájú dókítà. Èmi gbà á gbọ́.”