Orin Tí Ìyá Mi Kò Yọ̀ǹda

Bí ìyá mi bá ń fi orin rẹ ọmọ lẹ́kún, àgbà pàápàá á fẹ́ sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló dá orin náà, ní Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, nígbà tí ó bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá bímọ obìnrin sí Lọ́ńdọ̀nù, mo mú ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń gba orin sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó kọrin, wọ́n gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, mo fi rán ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkùnrin yẹn ti dà á kọ, ó sì ń tà á! Mo fẹ́ lọ gbéná wojú rẹ̀, ìyá mi ní, "Fi í sílẹ̀ jàre. Ṣebí ọmọ ẹlòmíràn ló ń bá mi rẹ̀ lẹ́kún." Òfin lè wà nílẹ̀ wa náà o, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó bi olórin léèrè kó tó da orin rẹ̀ kọ.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe tẹ̀ wá láago sí ilé aládùúgbò wa tó ní tẹlifóònù. Kásẹ́ẹ̀tì wọn ti ń bàjẹ́, ọmọ kì í sì í sùn láìgbọ́ ọ. Ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè bá a da òmíràn kọ, oníṣọ́ọ̀bù ní òfin ìlú àwọn kò gbà á, àfi kí ẹni tó ni orin yọ̀ǹda rẹ̀. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

"Màmá, ẹ ṣáà sọ pé ẹ yọ̀ǹda," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"N ò yọ̀ǹda."

Ẹnu yà mí. Mo gbàgbé pé lójú ìyá mi, ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ la ń yọ̀ǹda, àti òkú.

"Ohun téèyàn bá yọ̀ǹda, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yọ̀ǹda ìwọ fún ìlú òyìnbó, ìgbà wo ni mo ti fojú kàn ọ́? Kí n tún wá fi orin tí mo fi tọ́ ọ tẹ̀lé ọ?"

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń fa imú, àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ní ká padà sí ṣọ́ọ̀bù Ìjẹ̀bú-Òde yẹn. Ó kọ orin náà lákọ̀tun, lẹ́yìn náà ló bá oníṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà: "Oníṣọ́ọ̀bù, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti ń kọrin, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ dà á kọ. Ṣùgbọ́n mo yá yín ni o. Kí ọmọ tó ń gbọ́ ọ fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà fún mi."

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dà á kọ.

Nígbà tí ọmọ náà tó rìn dáadáa, wọ́n gbé e wálé. Ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó na kásẹ́ẹ̀tì sókè: "Màmá àgbà, ẹ gbà." Ìyá mi kò tilẹ̀ wo kásẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ tó mú un wá ló dì mú, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà lọ, ìyá mi ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ àpò aṣọ ọmọ.

"Mo tún yá ọ," ló wí.