Dírẹ́bà Tó Gbé Mi Lọ sí Ṣakí

Ní ilé wa ní Tẹ̀dé, bàbá kì í bá ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sílé ọkọ. Tí wọ́n bá ti so yìgì tán, bàbá á wúre, á padà jókòó sínú ilé, àwọn obìnrin ilé á sì mú ìyàwó lọ. Bàbá mi náà wúre fún mi. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ṣe àdúà títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ pààrọ̀ agbádá rẹ̀ sí ẹ̀wù tó fi ń lọ sóko, ó sì jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ògbóòrò nítorí pé ibẹ̀ ló lọ́kọ sí, dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ṣakí."

"Láti lọ ṣe kí ni? Bàbá ìyàwó!"

"Èmi kọ́ ni bàbá ìyàwó. Dírẹ́bà ni mí."

Ìyá Ògbóòrò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ó dáa, dírẹ́bà. Èmi ni màá jókòó níwájú, kí n máa ṣọ́ ẹ."

Àwọn obìnrin yòókù ti kó sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹrù mi, wọ́n ti ṣáájú. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ bàbá mi, mo fi ìborùn bojú. Ọkọ̀ náà ti gbó. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìwé mẹ́fà ló ti ń gbé èmi àti bàbá mi lọ sóko iṣu. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bàbá mi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì ló máa ń bá wa sọ ọ́.

A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbóòórùn nǹkan kan. Kì í ṣe òórùn epo, òórùn ilé ìdáná ni. Kò pẹ́ tí èéfín funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú ọkọ̀. Bàbá mi yà sẹ́bàá ọ̀nà, lábẹ́ igi òrí kan, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Ògbóòrò na ọwọ́ sí ọmọrí rédíétọ̀, níbi tí wọ́n ń bu omi ẹ́ńjìnnì sí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ó máa bó yín lójú!" bàbá mi kígbe.

A dúró kó tutù. Bàbá mi wá fi aṣọ tútù bo ọmọrí náà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣí, omi kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan dúdú kan ló rú sókè, ó ki, ó ń yọ̀. Ìyá Ògbóòrò fi ìka kàn án, ó gbé e sí imú.

"Kí lo bù sí i?"

Bàbá mi ń fi aṣọ nu ọmọrí náà.

"Dírẹ́bà, mo ní kí lo bù sí i?"

"Èlùbọ́," ló wí. "Ó ń jò láàárọ̀. Wọ́n ní tí èèyàn bá bu gààrí díẹ̀ sí i, á dí ihò náà. Mi ò rí gààrí nílé."

"O wá ro ọkà sínú ọkọ̀! Ó dáa, ọbẹ̀ dà?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Tí ọkọ̀ yìí bá kọ̀, kò sí dírẹ́bà mọ́. Bàbá ìyàwó ló máa kù, bàbá ìyàwó sì gbọ́dọ̀ padà sílé.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ tuntun kan fi dé láti ọ̀nà Ṣakí. Àbúrò ọkọ mi ló wà á. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ti dé, wọn ò rí wa, ni wọ́n bá rán an. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi.

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ìyàwó wa, ẹ bọ́ sínú èyí. Atẹ́gùn tútù wà nínú ẹ̀."

Bàbá mi nu ọwọ́ sára ẹ̀wù rẹ̀. "Máa bá a lọ," ló wí, kò wò mí. "Kò dáa kí ìyàwó pẹ́ lọ́nà."

Ìyàwó kì í ko ará ilé ọkọ lójú lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e. Èmi gan-an, kí n tó bèèrè iyọ̀ lọ́wọ́ ará ilé wa, iṣẹ́ ńlá ni. Mi ò wọ ọkọ̀ tuntun náà. Ni mo bá lọ gbé kẹ́ẹ̀gì nínú búùtù, mo ká aṣọ ìyàwó mi dé orúnkún, mo gba ọ̀nà odò tó wà nísàlẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn àbúrò ọkọ mi lẹ́yìn mi. "Màmá, níbo ni ìyàwó ń lọ?"

"Ó ń lọ pọnmi," Ìyá Ògbóòrò dá a lóhùn. "Àbí ìyàwó tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ fẹ́?"

Kí n tó pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì náà, àbúrò ọkọ mi ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ó ti ṣí fìlà. Òun ló gbé e gòkè.

Bàbá mi tú rọ́bà ìsàlẹ̀ rédíétọ̀. À ń da omi sí i lókè, ọkà ń já bọ́ nísàlẹ̀ ní gìdìgbà gìdìgbà. A lọ sódò, a bọ̀, a tún lọ, títí omi fi ń jáde ní mímọ́. Ìyá Ògbóòrò yọ ọṣẹ ìfọṣọ nínú báàgì rẹ̀, bàbá mi pò ó, ó fi dí ihò tó ń jò. Kí ẹ́ńjìnnì má baà tún hó, ó tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀, kí ooru inú ẹ́ńjìnnì lè máa gba ọ̀dọ̀ wa jáde. Nínú oòrùn yẹn! Ó rọra ń wà á, àbúrò ọkọ mi ń tẹ̀ lé wa. Nígbà tí a fi máa dé Ṣakí, tìróò ojú mi ti ṣàn dé àgbọ̀n, Ìyá Ògbóòrò ti ṣí gèlè.

Àwọn ìyálé ilé ti gbé omi síta láti fọ ẹsẹ̀ mi. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó di ọwọ́ mi mú kí n lè dìde. Mo dìde tán, ó ṣì dì í mú.

"Dírẹ́bà," Ìyá Ògbóòrò wí jẹ́jẹ́, "fi ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó fi í sílẹ̀. Èmi ni mi ò tíì fi tirẹ̀ sílẹ̀.