Ọmọ Ẹṣin Tí Kò Mọ̀ Pé Ẹṣin Ni Òun

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí abo ẹṣin náà kú, inú ilé ẹṣin ni mo ti bá ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú. Wọ́n jókòó lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá há àárín orúnkún. Abo ẹṣin náà nà gbalaja sórí koríko gbígbẹ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí dúró tì í lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó ń fi imú ti ikùn ìyá rẹ̀ pé kó dìde. Dókítà ẹran ti wá, ó ti lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló dà sí i nínú.

Iṣẹ́ badante ni mò ń ṣe nígbà náà, ìyẹn ni pé mò ń tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Pordenone, ní ilẹ̀ Italy. Signora ni mò ń pè wọ́n, ìyẹn Ìyáàfin. Ọkọ wọn ti kú, ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní Turin, kì í sì í wá àfi bí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹṣin tó kún ọgbà yẹn láyé ọkọ wọn ti tán díẹ̀díẹ̀, ó wá ku ẹyọ kan yìí, òun náà ló tún lọ yìí. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Bí èyí bá yè, ti ọmọbìnrin rẹ ni. Èmi ò ní agbára ẹ̀ mọ́."

Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí mi, ẹṣin tí mo mọ̀ kò ju èyí tí ọba máa ń gùn lọ́jọ́ ọdún lọ, òkèèrè sì ni àwa ọmọdé ti máa ń wò ó kó má baà ta wá nípàá. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbá ẹṣin mọ́ra. Mo di ìgò wàrà mú, mo ti ọmú rọ́bà sí i lẹ́nu, ó kọ̀. Mo tún tì í, ó tún kọ̀. Nígbà tó yá ni ó fà á, ó sì gbójú sókè wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni ó ti ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Báyìí ni mo ṣe di ìyá rẹ̀. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo po wàrà. Bí ọmọbìnrin mi, tó ṣì wà ní ilé ìwé girama, bá ti dé láti ilé ìwé, á gba ìgò lọ́wọ́ mi, á sì jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Parma, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Nígbà tó gbọ́, ó ní òun ò mọ̀ pé torí ká lè wá tọ́ ọmọ ẹṣin la ṣe kọjá òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, òun náà ti ọwọ́ bọ inú ọgbà, ọmọ ẹṣin náà sì lá a lọ́wọ́.

Ó yè, ó sì dàgbà. Kò sí ẹni tó wọ ọgbà yẹn tí kò ní bá lọ, tí kò ní gbé orí lé ní èjìká. Àwọn ará abúlé á mú ọmọ wọn wá wò ó. Gbogbo wa ń yìn ín pé kò mọ ìbẹ̀rù. Nígbà tó ń wúwo sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ iwájú lé mi láyà bí ajá tó ń bá olówó rẹ̀ ṣeré. Lọ́jọ́ kan ó ti mí ṣubú, ó sì dúró lórí mi, ó ń fi ètè wá ìgò nínú àpò mi. Mo rẹ́rìn-ín lójú ọmọ mi, àmọ́ àyà mi já.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọmọ mi mú ọ̀rọ̀ ìdíje wá. Ó ní wọn yóò ṣe é lẹ́bàá Udine nígbà tí ewé bá ń wọ́, fún àwọn ọmọ ẹṣin tí wọ́n bí lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tí yóò gùn wọ́n, torí egungun wọn kò tíì le. A kàn máa ń fà wọ́n wọ agbo ni, wọn á rìn, wọn á sáré díẹ̀, wọn á dúró ṣinṣin kí àwọn adájọ́ lè wo ẹsẹ̀ àti ọrùn wọn. Signora gbọ́, ojú wọn sì tàn, ohun tí mi ò rí láti ọjọ́ tí abo ẹṣin wọn ti kú. Wọ́n ní kí ló tún kù, nígbà tí ọmọ náà kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan wà ní òpin ọ̀nà wa tí ó ń kọ́ ẹṣin. Signora ránṣẹ́ pè é kó wá wo ọmọ ẹṣin náà kí a tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé pátákò rẹ̀ wò, ó wo eyín, ó fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ara rẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà ó ní kí a mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà tirẹ̀, níbi tí àwọn ẹṣin mìíràn ti ń jẹko. Bí wọ́n ṣe gbórí sókè, tí ọ̀kan yán, ọmọ ẹṣin tí kò bẹ̀rù ènìyàn kankan yìí sá sẹ́yìn mi. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń ti orí bọ abẹ́ apá mi bí ẹni tí ó fẹ́ wọ inú aṣọ.

Obìnrin náà yí padà sí mi. "Kò mọ̀ pé ẹṣin ni òun," ó ní. "Ènìyàn ló rò pé òun jẹ́. Lójú agbo yẹn, ẹṣin ló máa yí i ká."

Ó ní òun ní abo ẹṣin àgbà kan tó lè kọ́ ọ. Kí a mú un wá, kí ó máa bá a gbé, ṣùgbọ́n èmi kò gbọdọ̀ wá síbẹ̀ títí òun yóò fi pè mí.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Mo ronú sí i bí a ti ń padà lọ. Ta ni èyí ń wò? Èmi tí mo ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tí mo ń fi sípóònù po wàrà.

Inú ọmọ mi kò dùn rárá. Ó fi èdè Italian bá mi jà, bó ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára. Ó ní òun ló ń kọ́ ọ láti máa tẹ̀lé okùn, òun mọ̀ ọ́n ju obìnrin àjèjì kan lọ, ó sì lè tẹ̀lé òun wọ ibikíbi. Mo wo ojú Signora kí wọ́n gbà mí. Wọ́n ní, "Ìwọ lo fún un ní wàrà. Ìwọ ni kí o sọ." Mo sọ pé kò ní lọ síbi ìdíje lọ́dún náà. Ọmọ mi kúrò níbẹ̀ lọ sílé wa, fún ọjọ́ púpọ̀ sì ni kò fi bá mi sọ ju "sì" àti "nò" lọ, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

A mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ẹ̀bá ọgbà obìnrin náà ni mo máa ń gbé kẹ̀kẹ́ mi gbà láti ilé wa lọ síbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ Signora. Ní ọjọ́ kejì ọmọ ẹṣin náà gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yán, ó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọgbà, ó ń tẹ̀lé mi títí ọgbà fi tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ọ̀nà mìíràn, èyí tó jìn, tó sì ní òkè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí pásítọ̀ ní kí ẹni tó ní ẹrù lọ́kàn jáde, mo dìde díẹ̀, mo tún jókòó. Ta ni yóò dúró láàárín ìjọ pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà nítorí ẹṣin?

Ọmọ mi ló ń mú ìròyìn wá. Ó ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, ìbínú rẹ̀ sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní abo ẹṣin àgbà náà kì í gbà fún un. Bí ó bá fi àyà tì í, á bu ú jẹ lọ́rùn. Bí ó bá wá síbi oúnjẹ láìtọrọ àyè, á ta á nípàá. Èmi tí mo gbọ́ kò lè jẹun, ṣùgbọ́n ọmọ mi ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tí yìnyín wà nílẹ̀, ó ní òun bá àwọn méjèèjì tí wọ́n fẹ̀yìn ti afẹ́fẹ́, ọmọ náà wà lábẹ́ ọrùn àgbà.

Ọdún yí po. Signora kò lè rìn mọ́, àga onítáyà ni mo fi ń tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń sọ ni ìdíje, èyí tó wà fún àwọn ọmọ ẹṣin tó ti pé ọdún kan. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ tí mo yọwọ́ kúrò lára rẹ̀ báyẹn, ó yẹ kí n rí èrè rẹ̀. Nígbà tó wá pè mí, obìnrin tó ń kọ́ ẹṣin ní òun kò lè búra, ṣùgbọ́n ẹṣin náà ti ń tẹ̀lé okùn, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè fún ẹni tó ń tọ́jú pátákò, ó ń wọ ọkọ̀ láìjà. Ó ní kí a gbìyànjú.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, lẹ́bàá Udine, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹṣin pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Ọmọ mi fà á dé ẹnu ọ̀nà agbo. Ó dúró, kò mira. Mo ti Signora súnmọ́ ibẹ̀, mo ní kí wọ́n wo bí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí i. Kò wo ọwọ́ náà.

Wọ́n pe nọ́ńbà wa. Ọmọ mi kò lọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ẹṣin náà, ó fi koríko sí i lẹ́nu, koríko náà já bọ́.

"Mamma, non è pronto," ó ní. Ẹṣin náà kò tíì ṣe tán.

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣebí ó dúró jẹ́jẹ́."

Ó ní kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹ̀rù ló mú kó gan. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì lábẹ́ awọ tí kò mira. Síbẹ̀ mo ní, "Wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Wo ẹni tó jókòó síbí." Mo fi ojú tọ́ka Signora. Wọ́n tún pe nọ́ńbà wa. Ọmọ mi wò wọ́n, ó wò mí, omi ti gba ojú rẹ̀. Ó yí orí ẹṣin náà padà, ó sì fà á lọ síbi ọkọ̀.

Inú bí mi débi pé mi ò lè ti àga náà dáadáa. Nígbà tó kù díẹ̀ ká délé ni Signora sọ pé, "Ó tọ̀nà. Ọkọ mi náà ì bá mú un padà." Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún ní, "Èmi nìkan ni n kò ní lè dúró dè é."

Wọ́n kú kí ìgbà ìrúwé tó dé.

Ẹṣin náà wọ agbo lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ìdíje kékeré kan lápá Padua. Ó rìn, ó sáré, ó ń yí etí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì dúró nígbà tí ó yẹ. Kò gba ipò kankan. Àwọn adájọ́ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, ọrùn rẹ̀ kúrú díẹ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn. Èmi pàtẹ́wọ́, mo sì ń wo àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí à bá gbé àga sí.

Padua náà ni ọmọ mi ti ń kàwé báyìí, ìtọ́jú ẹran ló ń kọ́. Ìdílé mìíràn ni mò ń bá ṣiṣẹ́, nínú ìlú Udine. Láìpẹ́ yìí ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí fóònù, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ní ká ní ó fà á wọ agbo lọ́jọ́ náà lẹ́bàá Udine, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kí Signora lè rí i, ṣé ì bá ba ẹṣin náà jẹ́ lóòótọ́? Mo rò pé á dá mi lóhùn kíá, bí ẹni tó ti kàwé sí i.

"Non lo so, mamma," ó ní. Ó ní òun kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀.