Ta Ló Gbé Omi Gbígbóná fún Un?

Ní nǹkan bí ọdún 1984, ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni mo máa ń ka ìwé aláwòrán fún ìyá ìyá mi. Wọn ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn alágbára inú rẹ̀ tó ń fò bí ẹyẹ. Bó bá ti balẹ̀, wọ́n á ní, "Kú ewu, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ kan, a kà á dé ibi tí ìkà kan ti fipá bá obìnrin kan lò pọ̀. Alágbára bínú, ó sì lé ìkà náà títí ìwé fi parí.

"Obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Wọn ò yà á mọ́, Màmá."

"Ìranù! Kí ló kàn mí kan eré tí wọ́n ń sá? Ta ló gbé omi gbígbóná fún un? Ta ló sùn tì í?"

Wọ́n já ìwé mi gbà, wọ́n fi ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò omi. Inú bí mi gan-an. Ìgbà tí omi hó, tí wọ́n gbé e wọ yàrá wọn lọ bá obìnrin aránṣọ àdúgbò wa, tó ti ń sùn níbẹ̀ láti bí oṣù kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, ni mo tó mọ ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bínú.