Nọ́ńbà Tí Mo Ha Kúrò Lára Ìbọn

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń tún ṣe ní Àjàngbádì láyé ìjọba sójà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo sì fi ń bẹ̀rù sójà.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kú ní Ìbà tó fi ìbọn kan sílẹ̀. Ìbọn ọdẹ kọ́ o. Wọ́n ti bá àwọn òyìnbó kan ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn díje. Àwọn yẹn á gbé ìbọn lé tábìlì, wọ́n á fi àpò iyanrìn tì í, wọ́n á wá máa yìn ín sí bébà tó wà lọ́nà jíjìn. Mo máa ń bi ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ni bébà ṣẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà ń lọ sílé, ó fún wọn ní tirẹ̀, ó sì bá wọn gba láísẹ́ǹsì rẹ̀.

Ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Okokomáíkò ti dé orí fèrèsé kí wọ́n tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ta ìbọn yìí kí wọ́n fi kan òrùlé rẹ̀, nítorí onílé wọn ní Ìbà ti ní kí àwọn àtọmọ mẹ́rin kó jáde. Bàbá ará Abẹ́òkúta kan wà ní Ọ̀jọ́, ìbọn ìjọba ni wọ́n ń tún ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní àwọn á wá yẹ̀ ẹ́ wò ní Sátidé, pé a ò gbọdọ̀ nù ún, eruku ara rẹ̀ gan-an, ká fi í sílẹ̀.

Nítorí ọwọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá wọn tọ́jú rẹ̀. Mo wé e sínú ẹní, mo gbé e kọjá ẹnu bárékè sójà, àágùn sì bò mí bí ẹni tó jalè. Ní Ọjọ́rú, àwọn sójà ya wọ àdúgbò wa, wọ́n ń wá ẹnì kan tó bá wọn jà. Wọn ò dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti jáde lọ bá wọn. Mo rò ó pé nọ́ńbà ló ń tú èèyàn fó. Àwọn tó ń ta ọ̀kadà jíjí, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa rẹ́. Irin tí kò ní nọ́ńbà, ta ni wọ́n máa ní ó ni ín? Mo gbàgbé pé abẹ́ ibùsùn mi ló wà, èmi ni mo sì ni ibùsùn. Mo mú fáìlì tí mo fi ń rẹ́ irin máṣíìnì, mo ha nọ́ńbà náà dànù. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí n kò lè kà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ha ìyẹn náà. Mo fi òróró máṣíìnì pa á, ó ń dán. Inú mi dùn.

Nígbà tó di Sátidé, a pàdé ní Ìbà. Bàbá ò wo ọ̀pá ìbọn náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀pá, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Igi, káfíńtà lè gbẹ́ òmíràn. Ibí ni ìbọn," ni wọ́n wí, wọ́n fọwọ́ lé irin àárín. Ìka kan ni wọ́n fi fa ìdábùú tí wọ́n fi ń ki ọta sínú rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì rìn láìdún, bí ọ̀bẹ nínú ẹ̀kọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní irú èyí, ẹnì kan ló máa ń jókòó gbẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ ohun tí àwọn rò, á kan òrùlé, á tún rẹ́ ilé. Orúkọ ẹni tó ṣe é àti nọ́ńbà rẹ̀ ló kù. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n yí i padà.

"Ta ló ha ibí yìí?"

Mo ní, "Bàbá, ìpáàrà ni."

"Ìpáàrà kì í ha irin ní tààrà."

Mo jẹ́wọ́. Bàbá ní láìsí nọ́ńbà, kò sí ohun tó so irin yẹn mọ́ láísẹ́ǹsì mọ́, kò sì sí olóye tó máa rà á. Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ilé kan lo gbé sábẹ́ ibùsùn. Ẹjọ́ lo gbé wá fún wa."

Mo ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún Bàbá."

Bàbá fúnra wọn ló gbé e lọ síbi iṣẹ́ wọn àtijọ́, kí wọ́n bá wa gé e wẹ́wẹ́, kí ìbọn tí kò ní nọ́ńbà má bàa kó wa sẹ́jọ́. Wọ́n ní kí n sin àwọn, mo ní oníbàárà kan ń retí máṣíìnì rẹ̀. N ò purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí Okokomáíkò bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú tapólì lórí yàrá kan. Òjò ọdún mẹ́ta ló rọ̀ kí wọ́n tó kan òrùlé. Èmi ni mo ru pákó rẹ̀, kò sì wúwo tó. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, bí òjò bá ti ṣú ní Àjàngbádì, mo máa ń fi máṣíìnì oníbàárà sílẹ̀, máa wo ojú ọ̀run.

Láísẹ́ǹsì ìbọn náà ṣì wà nínú àpótí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà tí mo ha dànù ṣì pé pérépéré lórí rẹ̀.