Kí Lọ́fínńdà Lè Pẹ́ Lára

Tí o bá wọ yàrá màámi ní Múṣìn nígbà yẹn, òórùn mẹ́ta ni yóò pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà: òórùn oògùn tí mo fi ń fọ ilẹ̀, òórùn ìtọ̀ tí oògùn náà kò lè borí, àti lábẹ́ àwọn méjèèjì, òórùn lọ́fínńdà tó ti wọ inú ògiri láti bí ọgbọ̀n ọdún. Òwò lọ́fínńdà olóròóró ni màámi ṣe títí wọ́n fi darúgbó. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ni wọ́n máa ń tẹ́ tábìlì wọn sí, pàápàá ní ọjọ́ Jímọ̀, ìgò wẹ́wẹ́ á tò lọ bẹẹrẹ, síríǹjì á wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń fa òróró náà bíi nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún ọmọdé lábẹ́rẹ́. Èyí tí àwọn fúnra wọn máa ń fi sára, àwọn ló pò ó. Òórùn rẹ̀ jọ ti igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí ẹnìkan wá fi oyin díẹ̀ pa lójú.

Mo ti kúrò nílé tipẹ́ nígbà náà. Mo háyà yàrá kan ní Yábàá, mo sì ń bá ilé-iṣẹ́ kan dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn lórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí ìyá aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa pè mí pé òun bá màámi pàdé ní Ọ̀yìngbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, láìwọ bàtà, tí wọ́n ń bi àwọn èrò pé ọkọ̀ wo ló ń lọ síbi tí àwọn ti ń ra ọjà, ọjọ́ náà ni mo kó ẹrù mi padà sí Múṣìn. Dókítà sọ pé àìsàn ìgbàgbé tó máa ń bá àwọn àgbà jà ni, pé kò sí oògùn tó lè dá ohun tó ti lọ padà. Mo rò pé ìfẹ́ máa tó. Kò tó, ọ̀rẹ́ mi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni bó ṣe máa ń rí tí ìyá ẹni bá ń wo ẹni bí àjèjì tó fo fèrèsé wọlé. Tí mo bá gbé omi ìwẹ̀ dé, wọ́n á fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Olè ti wọlé!" Èékánná wọn wà lára apá mi méjèèjì. Oúnjẹ tí mo bá gbé wá, wọ́n á ní májèlé ni, wọ́n á tu ú sílẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á pa á mọ́ sábẹ́ ahọ́n, màá wá bá a nínú ìrọ̀rí. Láàárín oṣù mẹ́ta péré, ìró tó ń rọ̀ mọ́ wọn nídìí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá dìde. Mo máa ń wé báńdẹ́ẹ̀jì mọ́wọ́ kí n tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ má baà rí apá mi nínú fídíò.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Ìbàdàn. Ó ti rí ibì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, mo sì ti lọ wò ó. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n mo rí ìyá kan tí wọ́n fi aṣọ dè mọ́ àga kó má baà ṣubú, tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mi ò lè gbàgbé ojú rẹ̀. Àbúrò mi wá sọ fún mi lórí fóònù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹ ò lè dá a ṣe. Tí wọn ò bá tíì máa jẹun títí Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ń bọ̀ wá gbé wọn." Òótọ́ ló sọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ń wá káàdì ilé ìwòsàn wọn nínú àpótí ọjà àtijọ́ tó wà lábẹ́ ibùsùn, ni ọwọ́ mi bá kan ìgò kan tí ìdérí rẹ̀ ti là. Òróró inú rẹ̀, èyí tí màámi máa ń fi sára, dà sí mi lọ́rùn ọwọ́. Mo fi etí aṣọ nù ún, mo gbé ògì lọ bá màámi pẹ̀lú ìbẹ̀rù tí mo fi ń lọ bá wọn lójoojúmọ́. Dípò kí wọ́n ti abọ́ náà dànù, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n dijú, ìpéǹpéjú wọn ń gbọ̀n. Mo fún wọn ní ṣíbí kan, wọ́n gbé e mì. Wọ́n mu ògì náà tán, wọ́n lo oògùn wọn, wọn ò sì tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti kú lábẹ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò tó bẹ́ẹ̀ kí n mira.

Kí aago méjìlá tó lù, òórùn náà ti fò lọ. Bí o bá ti gbé abẹ́ páànù rí nígbà tí kò síná, o ò ní bèèrè ìdí. Mo ti dáná, mo ti fọ abọ́, òógùn ti fọ èyí tó kù. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé, ìyá tó di ọwọ́ mi mú láàárọ̀ sọ ife omi lù mí níwájú orí. "Olè yìí, o tún ti dé!"

Bí ìyà mi tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgò náà kò gùn ju ìka mi lọ, òróró inú rẹ̀ kò sì dé ìdajì. Mo tẹ òwú sínú rẹ̀, mo gbé òwú náà kiri ọjà Múṣìn títí dé Ọ̀yìngbò, kò sí ẹni tó ní irú rẹ̀. Ìyá kan tó mọ màámi dáadáa gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. "Ìyá ẹ nìkan ló mọ ohun tí wọ́n fi pò ó," ló wí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo dà á sára jù, kó lè dé ìrọ̀lẹ́; ó ta wọ́n nímú, wọ́n húkọ́ húkọ́, wọ́n bi oògùn àárọ̀ jáde. Mo bú ara mi títí. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi fọ abọ́ kí omi má baà kan ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Mo ń rìn jẹ́jẹ́ kí n má baà làágùn. Mo ní kí ìyá aránṣọ bá mi dáná. Mo ka gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn kọ sórí fóònù nípa bí lọ́fínńdà ṣe lè pẹ́ lára. Ẹnìkan ní kí n fi sí ibi tí iṣan ti ń lù, ẹlòmíràn ní kí n fi ọrùn ọwọ́ kan ra èkejì dáadáa. Gbogbo rẹ̀ náà, aago kan ọ̀sán kò bá a níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku ọjọ́ méjì kí àbúrò mi dé. Ohun tó kù nínú ìgò kò ju ẹ̀kán bíi mẹ́wàá lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ibùsùn màámi, mo ń fi ọrùn ọwọ́ kan ra èkejì, mo ń sunkún, mo ń ra á kíkankíkan bí ẹni tó fẹ́ fi òkúta méjì ṣáná. Mo mọ̀ pé wọ́n ń wò mí. Mo ń retí igbe olè.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?"

Mo gbé ojú sókè.

"Ṣé ata lò ń lọ̀ ni? O ń pa á. Èyí tó yẹ kó jáde nírọ̀lẹ́ lo ti lé jáde báyìí."

Ohùn wọn ni. Ohùn ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, èyí tí wọ́n fi ń bá oníbàárà alágídí sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Mo pè wọ́n, "Màámi!" Lójú ẹsẹ̀ ni ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n ń fà sẹ́yìn lọ sí ìdí ògiri. Mo rí i pé orúkọ yẹn ló fẹ́ lé wọn lọ. Mo gbé e mì, ó dùn mí bí ẹni gbé eegun mì. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Iṣẹ́ ni mo wá kọ́."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Mú apá wá." Wọ́n fi àtàǹpàkò wọ́ ọ. "Wo ara bí ẹja gbígbẹ! Ara gbígbẹ ń mu lọ́fínńdà bí iyanrìn ṣe ń mu omi. Wẹ̀ ná. Kí omi tó gbẹ tán lára ẹ, fi òrí pa á, fẹ́ẹ́rẹ́ ni o. Dúró kó wọlé. Ìgbà yẹn lo máa tó kán lọ́fínńdà lé e."

"Níbo ni kí n kán an sí, mà?"

"Ẹ̀yìn etí. Kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀yìn orúnkún. Ibi tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ tí òógùn kì í ṣàn. Má ra á, tẹ̀ ẹ́, kó o sì fi í sílẹ̀. Fi díẹ̀ sí etí gèlè, aṣọ máa ń dì í mú ju ara lọ."

Mi ò mọ ohun tó kì mí láyà. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi ara yín kọ́ ọ?"

"Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni o," ni wọ́n wí. "Mi kì í fi ọjà mi sí ara ìdọ̀tí."

Ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlá tí omi ti kan ara wọn gbẹ̀yìn. Abẹ́ ọmú wọn ti ń bó. Mo wẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bá mi wí ní gbogbo ìgbà: kànrìnkàn náà kò mọ́, òrí yẹn ti pọ̀ jù, ọwọ́ mi le. Mo ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Omi ojú mi ń kán sínú ọṣẹ, wọn ò rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ ẹ̀wà, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì bi mí bóyá èmi náà ti jẹun.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún pè mí ní olè. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mi ò sún mọ́ wọn, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Iṣẹ́ ni mo wá kọ́." Wọ́n ní kí n mú apá wá. Gbogbo ẹ̀kọ́ àná, wọ́n tún un kọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ẹja gbígbẹ. Ẹ̀kán méjì péré ni mo lò, ó sì wà lára mi títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

Àbúrò mi dé ní Sátidé pẹ̀lú mọ́tò àti nọ́ọ̀sì kan. Mo ti di ẹrù màámi sínú báàgì, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á kígbe lójú rẹ̀. Wọ́n wò ó, wọn ò mọ̀ ọ́n. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ni wọ́n wí fún ọmọ tí wọ́n bí. "Ṣé fún ara yín ni àbí fún ìyàwó? Ọmọ iṣẹ́ mi á dá yín lóhùn." Àbúrò mi wò mí. Mo ní kó mú ọwọ́ wá. Mo fi òrí pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo dúró, mo kán ẹyọ kan lé e, mo tẹ̀ ẹ́. Màámi ń fi ojú bá ọwọ́ mi lọ. "Ó ń gbìyànjú," ni wọ́n sọ fún un. "Ọwọ́ rẹ̀ ti ń rọ̀." Àbúrò mi jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ yẹn bo imú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó dìde, ó ní kí nọ́ọ̀sì náà wọ mọ́tò, kí àwọn méjèèjì máa padà lọ láìmú màámi.

Má rò pé gbogbo rẹ̀ dára látìgbà náà. Òróró náà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo sì wọlé lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú òrí nìkan lára. Wọ́n gbóòórùn apá mi. "Lọ́fínńdà dà?" Mo ní, "Ó ti tán, mà." Wọ́n ní, "Ọmọ iṣẹ́ wo ló ń jẹ́ kí ọjà tán?" Wọ́n bínú, ṣùgbọ́n wọ́n jẹun. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí ẹ̀kọ́ kankan, tó jẹ́ igbe nìkan, tí mo jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú èmi tàbí àwọn. Mi ò tijú láti sọ ọ́ fún ọ. Oṣù mẹ́jọ la fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo wẹ̀ wọ́n tán, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. "O ti mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. "Mo tú ẹ sílẹ̀. Wàá ṣe é lówó, wàá ṣe é lọ́mọ." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n wá dúró. "Kí lorúkọ ìyá ẹ? Mo fẹ́ ṣàdúrà fún un." Mo dárúkọ tiwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orúkọ kan náà la jẹ́! Sọ fún un pé ó bímọ."

Wọ́n kú kí oṣù yẹn tó parí. Inú bí mi fún ìgbà pípẹ́ pé wọ́n lọ láì mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, mo wá ń rí i pé nígbà tí wọ́n bí mi, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má fẹ́ràn mi. Nígbà tí bíbí yẹn ti parẹ́ lọ́kàn wọn, tí mo di ẹnikẹ́ni tó kàn wọlé wá kọ́ṣẹ́, wọ́n tún wò mí láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún fẹ́ràn mi.